Ṣé O Mọ̀? Idán Inú Tẹlifíṣàn Onídìí Ńlá

Bí o bá rí tẹlifíṣàn àtijọ́ kan níbì kan, èyí tí ìdí rẹ̀ yọ gọngọ sẹ́yìn, tàn án. Ti ìka bọ omi, kí o kán ẹ̀kán kan ṣoṣo sójú gíláàsì rẹ̀ níbi tí àwòrán ti funfun jù. Wá fojú sínú ẹ̀kán omi yẹn. O ò ní rí funfun níbẹ̀ rárá. Pupa, àwọ̀ ewé àti búlúù ni wàá rí, tí wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn bí ìlẹ̀kẹ̀ tí a sín sókùn. Ọmọ ọdún méje ni mí nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i, kì í sì í ṣe omi ló fi hàn mí. Mo sín ni, itọ́ bá ta sójú tẹlifíṣàn bàbá mi. Wọ́n gbá mi létí pé ta ló ní kí n sún mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n mo ti rí ohun tí mo rí.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé tẹlifíṣàn yẹn kì í kàn gbé àwòrán fún wa bó ṣe gbà á; ó máa ń fọwọ́ tirẹ̀ kún un. Ní báyìí tí àwọn ọ̀dọ́ ní Amẹ́ríkà, Ìlú Ọba àti Jàpáànù ń wá a kiri bí ẹni ń wá ewúrẹ́ tó já, ọwọ́ yẹn gan-an ni wọ́n ń wá.

Ṣé o mọ̀ pé kò sígbà kankan tí odindi àwòrán wà lójú gíláàsì yẹn?

Ìgò ńlá ló wà nínú àpótí náà, tíúbù ni àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ ń pè é. Wọ́n ti fa gbogbo afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde. Lọ́rùn rẹ̀, lẹ́yìn pátápátá, ni ohun tí wọ́n ń pè ní ìbọn wà. Ìtànṣán ẹlẹ́kítírónì ló ń jáde níbẹ̀: ẹyọ kan fún tẹlifíṣàn dúdú-òun-funfun, mẹ́ta fún aláwọ̀. Iná tó lè tó fóólìtì 25,000 ló ń fà wọ́n síwájú kí wọ́n lè kọlu lẹ́búlẹ́bú kan tí wọ́n fi kun ẹ̀yìn gíláàsì náà. Ibi tí ìtànṣán bá bà ni yóò tàn. Òòfà tí wọ́n fi wáyà bàbà ṣe sọ́rùn ìgò náà ló ń darí rẹ̀ láti òsì sí ọ̀tún, láti òkè dé ìsàlẹ̀, bí ẹni ń kàwé.

Lórí ètò tí tẹlifíṣàn àtijọ́ ń lò ní Nàìjíríà, PAL tí wọ́n ṣe ní Jámánì, ìlà 625 ló wà nínú àwòrán kan, àwòrán 25 ló sì ń wọlé nínú ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ìtànṣán ń ya ọ̀kọ̀ọ̀kan: á kọ́kọ́ ya ìlà kìíní, ìkẹta, ìkarùn-ún lọ títí, á wá padà wá ya ìkejì, ìkẹrin, ìkẹfà sáàárín wọn. Ká ṣírò rẹ̀: ìlà 15,625 nínú ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Kí ó tó dé ìsàlẹ̀, òkè ti ṣú. Bí o bá fi kámẹ́rà tó yára gan-an ká a, ọ̀já ìmọ́lẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ kan lo máa rí, gbogbo ìyókù dúdú. Ojú rẹ àti ọpọlọ rẹ ló ń hun ún pọ̀, bí ahunṣọ ṣe ń ju òwú lọ jù ú bọ̀ títí tí yóò fi di aṣọ.

Ohun tó sì jẹ́ kí bọ́ọ̀lù tó ń sáré mọ́ kedere lórí rẹ̀ nìyẹn. Tẹlifíṣàn pẹlẹbẹ máa ń di àwòrán kan mú títí òmíràn yóò fi dé, ojú wa tó ń bá bọ́ọ̀lù lọ á wá fà á gùn. Ti àtijọ́ tàn, ó kú, ó tún tàn níbòmíràn, kò sí ohun tí ojú fẹ́ fà.

Ṣé o mọ̀ pé etí ọmọdé lè mọ̀ pé tẹlifíṣàn wà ní títàn láìwọ yàrá tó wà?

Ẹ̀rọ kékeré tó ń pèsè iná ńlá inú rẹ̀ máa ń gbọ̀n nígbà 15,625 yẹn gan-an nínú ìṣẹ́jú àáyá kan, ó sì ń han tíín-ín. Nílé wa, bí àwọn àgbà bá pa ohùn mọ́lẹ̀ kí àwa ọmọdé má baà mọ̀ pé wọ́n ń wo fídíò lóru, a ti mọ̀ láti ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bí ọjọ́ orí bá ń gòkè, irú ohùn tó ga bẹ́ẹ̀ ni etí kọ́kọ́ ń pàdánù. Mo dán an wò lọ́dún tó kọjá: ọmọ ẹ̀gbọ́n mi fọwọ́ di etí, èmi ò gbọ́ nǹkan kan.

Ṣé o mọ̀ pé ẹni tó ṣe ìgò yìí kò ní tẹlifíṣàn lọ́kàn?

Karl Ferdinand Braun ni, lọ́dún 1897, ní Strasbourg tó wà lábẹ́ Jámánì nígbà náà. Ó kàn fẹ́ fojú ara rẹ̀ rí bí iná mànàmáná ṣe ń lọ sókè sódò ni. Lọ́dún 1909 òun àti Marconi jọ pín ẹ̀bùn Nobel, lórí ọ̀rọ̀ wáyálẹ́ẹ̀sì, kì í ṣe ti ìgò. Ó kú ní 1918 láìfojú kan tẹlifíṣàn. Àwọn ará Jàpáànù ni kò gbàgbé rẹ̀, títí dòní, "ìgò Braun" ni wọ́n ń pè é lédè wọn. Níbẹ̀ náà ni Kenjiro Takayanagi ti fi lẹ́tà kan ṣoṣo hàn lójú irú ìgò bẹ́ẹ̀ ní 1926. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣàn WNTV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn lọ́jọ́ 31, oṣù October, 1959, ìgò Braun kan náà ni ìwọ̀nba ilé tó ní tẹlifíṣàn jókòó tì. Òun náà sì ni àwọn èèyàn gbà rí Moses Ọláìyá, Baba Sàlá wa, nígbà tí ó gbé ẹgbẹ́ Aláwàdà rẹ̀ wọ ilé-iṣẹ́ náà.

Ṣé o mọ̀ pé ìgò yìí ti jẹ́ ọpọlọ kọ̀ǹpútà rí?

Kì í ṣe ojú tí kọ̀ǹpútà fi ń sọ̀rọ̀ ni mò ń sọ o. Ọpọlọ ni, ibi tó ń rántí nǹkan sí. Freddie Williams àti Tom Kilburn ti Yunifásítì Manchester mọ̀ pé ibi tí ìtànṣán bá bà lójú ìgò máa ń di iná díẹ̀ mú fún ìgbà díẹ̀ kí ó tó parẹ́. Wọ́n bá tò ó sí àmì 1,024, ìlà 32, àmì 32 lórí ìlà kọ̀ọ̀kan. Kí ọ̀kọ̀ọ̀kan tó parẹ́, ẹ̀rọ á ti kà á, á sì tún un kọ, bí ìyá olóúnjẹ tó ń ka orúkọ àwọn ajẹgbèsè lọ́kàn léraléra kó má baà gbàgbé. Lọ́jọ́ 21, oṣù June, 1948, ẹ̀rọ wọn ṣe iṣẹ́ àkọ́kọ́ láyé tí kọ̀ǹpútà gbé ìlànà rẹ̀ sínú ọpọlọ ara rẹ̀. Ohun tó dùn mọ́ mi jù ni pé wọ́n so ìgò mìíràn mọ́ ọn, o lè dúró kí o máa fi ojú wo bí ó ṣe ń rántí.

Ṣé o mọ̀ pé àwọn tó ya géèmù àtijọ́ fi ìyókù iṣẹ́ sílẹ̀ fún tẹlifíṣàn?

Ẹ jẹ́ kí n jókòó síbí díẹ̀.

Géèmù àti ìgò yìí ti jọ ń bọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Ní 1958, William Higinbotham ṣe tẹníìsì kan tí àlejò lè gbá lójú ẹ̀rọ ìwọ̀n iná ní ilé ìwádìí Brookhaven ní New York. Nígbà tí Atari ṣe Pong ní 1972, tẹlifíṣàn dúdú-òun-funfun lásán, irú èyí tí ẹnikẹ́ni lè rà ní ṣọ́ọ̀bù, ni Al Alcorn kì sínú àpótí àkọ́kọ́. Kò pẹ́ rárá tí àpótí náà fi ṣíwọ́ iṣẹ́ nílé ọtí tí wọ́n gbé e sí. Wọ́n ṣí i wò: owó ẹyọ ló ti kún un dẹ́nu.

Ṣùgbọ́n ti àwọn ayàwòrán ni mo fẹ́ sọ. Mú Super Nintendo. Àwòrán rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ ẹyọ àwọ̀ 256 níbùú, 224 lóòró. Gbé e sórí tẹlifíṣàn pẹlẹbẹ tòní, ẹyọ kọ̀ọ̀kan á dúró gírígírí, onígun mẹ́rin, bíi búlọ́ọ̀kù ilé tí wọn ò tíì rẹ́. Ìtànṣán inú ìgò kò ní igun. Ó máa ń rọra ṣàn kan ẹnìkejì rẹ̀ ni. Òun ló ń rẹ́ ògiri náà, òun ló sì ń kùn ún, àwọn ayàwòrán sì mọ̀. Tẹlifíṣàn ni wọ́n gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì wọn láti wo ohun tí wọ́n ń ṣe.

Wo omi tó ń ya lulẹ̀ nínú Sonic the Hedgehog ti ọdún 1991. Ẹ̀rọ Sega tí wọ́n fi ń gbá a kò lágbára láti fi ohun kan hàn gba inú òmíràn. Kí ni wọ́n ṣe? Wọ́n fa ìlà omi tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n fo ọ̀kan, wọ́n fà, wọ́n fò. Wáyà olórí yẹ́lò tó ń kó gbogbo àwọ̀ pọ̀ sọ́nà kan ṣoṣo ló wá ń po àwọn ìlà náà mọ́ra kí wọ́n tó dójú gíláàsì, ni omi bá di omi, tí o ń rí àpáta lẹ́yìn rẹ̀. Fi wáyà tó dára so ẹ̀rọ kan náà mọ́ tẹlifíṣàn pẹlẹbẹ: omi ti di fẹ́ǹsì.

Èyí tó gba ẹnu mi tì ni ti Dracula, nínú Castlevania: Symphony of the Night, 1997. Àwòrán ojú rẹ̀ kékeré kan wà tó máa ń yọ nígbà tó bá ń sọ̀rọ̀. Sún mọ́ ọn lórí kọ̀ǹpútà òní, wàá rí ẹyọ pupa kan ṣoṣo tí wọ́n fi sí ojú rẹ̀, bí ẹni ta ẹ̀jẹ̀ sí i. Lórí ìgò, pupa yẹn ràn jáde, ó wọ inú òjìji tó yí i ká, ó di ẹyinjú tó ń jó bí ẹyín iná, tó ń wò ọ́. Kò sẹ́ni tó ya ẹyinjú yẹn. Ẹyọ kan ni wọ́n fi síbẹ̀, gíláàsì ya ìyókù.

Lóòótọ́, àwọn kan ti kọ ètò kọ̀ǹpútà tó ń sín ìgò jẹ. Mo ti wò wọ́n. Díẹ̀ nínú wọn dára, èyí tó pọ̀ dà bí ọbẹ̀ tí wọ́n fi Maggi sè tí wọ́n ní irú ni.

Ọ̀rọ̀ fídíò náà kò yàtọ̀. Kásẹ́ẹ̀tì VHS, tí JVC gbé jáde ní 1976, kò kó àwòrán tó mọ́ rárá. Lórí ìgò onínṣì 14 tàbí 21, àbùkù rẹ̀ máa ń bò mọ́lẹ̀. Orí kásẹ́ẹ̀tì yẹn ni fíìmù Living in Bondage ti jáde ní 1992, orí rẹ̀ náà ni a ti wo fíìmù Yorùbá láìmọye. Gbé kásẹ́ẹ̀tì kan náà sójú tẹlifíṣàn pẹlẹbẹ onínṣì 55, o ò ní mọ ìyàwó yàtọ̀ sí ìyá ọkọ.

Ṣé o mọ̀ pé ìbọn tí a fi ń pa pẹ́pẹ́yẹ kò yìn nǹkan kan?

Ẹni tó bá dàgbà ní bíi 1990 sókè á rántí: géèmù pẹ́pẹ́yẹ, àti ajá burúkú yẹn tó máa ń yọrí láti inú koríko láti fi ni rẹ́rìn-ín. Duck Hunt ni, Nintendo ṣe é ní 1984. Ẹ̀dà tí kò lórúkọ ni ọ̀pọ̀ wa gbá. Ìbọn náà kì í ta nǹkan jáde. Ojú ló ní, ó ń wò ni. Bí o bá fa kinní rẹ̀, gbogbo ojú tẹlifíṣàn á ṣú pátápátá, lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ á ya àpótí funfun kan síbi tí pẹ́pẹ́yẹ wà, kí gbogbo rẹ̀ tó padà sí bó ṣe wà. Ó yá ju kí ojú wa mọ̀ dáadáa lọ. Bí ìbọn bá rí òkùnkùn, tó sì rí funfun lẹ́yìn rẹ̀, pẹ́pẹ́yẹ kú. Bí wọ́n bá jẹ́ méjì, ọ̀kọ̀ọ̀kan á ní funfun tirẹ̀, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ìdí tí òkùnkùn fi kọ́kọ́ ń wá ni kí o má baà kọjú ìbọn sí gílóòbù iná kí o ní o ti pa ẹyẹ.

Ìgbà tó yẹ kí funfun yẹn yọ gan-an ló máa ń yọ lójú ìgò. Tẹlifíṣàn pẹlẹbẹ máa ń gba àwòrán, á rò ó wò díẹ̀, kó tó fi hàn. Nígbà tí funfun bá fi máa yọ, ìbọn ti wò tán, kò rí nǹkan. Ajá á rẹ́rìn-ín títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ìdádúró kékeré yìí kan náà ló jẹ́ kí àwọn tó ń díje lórí Super Smash Bros. Melee, géèmù ọdún 2001, ṣì máa ń ru tẹlifíṣàn onídìí lọ sí ibi ìdíje ní Amẹ́ríkà.

Ṣé o mọ̀ pé kámẹ́rà tó kọjú sí tẹlifíṣàn ni aráyé fi rí Armstrong lórí òṣùpá?

Oṣù July, 1969. Kámẹ́rà tí Apollo 11 gbé lọ ń rán àwòrán 10 péré nínú ìṣẹ́jú àáyá kan, ìlà 320 lọ́kọ̀ọ̀kan, nítorí pé ọ̀nà tí wọ́n lè fi ránṣẹ́ kò fẹ̀. Tẹlifíṣàn ilé kankan kò lè gbé irú rẹ̀. Ní àwọn ibùdó tó ń gbà á, wọ́n gbé àwòrán náà sójú ìgò kan, wọ́n kọ kámẹ́rà tẹlifíṣàn mìíràn sí i, ohun tí kámẹ́rà kejì rí ni wọ́n fi ránṣẹ́ káyé. Ìdí nìyí tí Armstrong fi rí bí òjìji. Èyí tó wọlé láti òṣùpá mọ́ ju èyí tí ẹnikẹ́ni rí nílé lọ.

Ṣé o mọ̀ pé ìbẹ̀rẹ̀ ayé ni bàbá rẹ ń bá jà lórí òrùlé?

"Ṣé ó ti dáa?" "Kò tíì dáa, sà!" "Báyìí ńkọ́?" Ẹni tí kò bá tí ì yí áńtẹ́nà rí kò mọ ohun tí mò ń sọ. Nígbà tí kò bá sí ibùdó kankan, tí ojú tẹlifíṣàn ń hó ṣúú bí ẹni ń da iyanrìn, ariwo láti oríṣiríṣi ibi ló ń mú. Díẹ̀ nínú rẹ̀ jẹ́ ìmọ́lẹ̀ tó ti wà lójú ọ̀nà fún ohun tó lé ní ọdún bílíọ̀nù 13, láti ìgbà tí àgbáálá ayé ṣì gbóná bí ìléru. Arno Penzias àti Robert Wilson gbọ́ ọ ní New Jersey ní 1964, wọ́n rò pé ìgbẹ́ ẹyẹlé tó wà nínú áńtẹ́nà àwọn ló fà á. Wọ́n nù ún kúrò. Ariwo ò lọ. Ní 1978 wọ́n gba Nobel.

Ṣé o mọ̀ pé ẹnì kan to 1,003 wọn jọ bí ilé ìṣọ́?

Nam June Paik ni, ọmọ Kòríà. Ní 1965 ló ti gbé òòfà ńlá lé orí tẹlifíṣàn, tí àwòrán bá lọ́ bí aṣọ tí wọ́n ń fún. Àwa náà ṣe é, òòfà inú sípíkà la fi ṣe tiwa, àwa ò pè é ní iṣẹ́ ọnà. Àmì aláwọ̀ elésè-àlùkò ló kù síbẹ̀, ìyá wa sì mọ ẹni tó ṣe é. Ilé ìṣọ́ Paik wà ní ilé ìkó-iṣẹ́-ọnà-sí ní Gwacheon, láti 1988. Ní 2018 wọ́n pa á nítorí àwọn ìgò ti gbó, ó lè dá iná sílẹ̀. Ó gbà wọ́n di 2022 kí wọ́n tó tún un tàn, torí kò síbi tí èèyàn ti lè lọ ra ìgò tuntun mọ́. Sony pàápàá, tó gbé irú ìgò tirẹ̀, Trinitron, jáde ní 1968, dáwọ́ rẹ̀ dúró ní 2008.

Trinitron náà ní àṣírí kan. Bí ojú rẹ̀ bá funfun, wàá rí ìlà òjìji tín-ín-rín kan tàbí méjì tó gba ìbú rẹ̀ kọjá. Ọ̀pọ̀ èèyàn ti gbé e lọ sọ́dọ̀ oníṣẹ́ ẹ̀rọ nítorí rẹ̀. Kò bàjẹ́. Wáyà gidi ni, tó di àwọn ọ̀já irin tín-ín-rín inú rẹ̀ mú kí wọ́n má baà máa gbọ̀n.

Ṣé o mọ̀ pé òjé wà nínú gíláàsì rẹ̀?

Òjé náà wà níbẹ̀ láti dí X-ray tó ń jáde lọ́nà. Afẹ́fẹ́ ayé sì ń ti ìgò náà láti ìta nígbà tí kò sí nǹkan nínú, nítorí náà bí ó bá ṣe tóbi sí ni gíláàsì ṣe gbọ́dọ̀ nípọn sí. Èyí tó tóbi jù tí wọ́n tà rí, Sony onínṣì 43, tó nǹkan bíi kílò 200. Dọ́là 40,000 ni wọ́n ń tà á ní Amẹ́ríkà nígbà tó jáde. Ní ìparí 2024 ni ìtàn jáde pé wọ́n rí ọ̀kan lókè ilé oúnjẹ kan tí wọ́n ti ń ta núdù ní Osaka. Wọ́n fi ọkọ̀ òkun gbé e lọ sí Amẹ́ríkà, ó sì ṣì ń ṣiṣẹ́.

Ti àwa yàtọ̀. Greenpeace àti Sky News gbé ẹ̀rọ atọpasẹ̀ pamọ́ sínú tẹlifíṣàn kan tó ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe ní Ìlú Ọba, wọ́n fi sílẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń kó pàǹtí. Ọjà Alábà ní Èkó ni wọ́n tọ̀ ọ́ dé. Ìròyìn náà jáde ní 2009. Irú èyí tí kò bá ṣeé tún ṣe, wọ́n á tú bàbà ọrùn rẹ̀, wọ́n á fi gíláàsì olójéé sílẹ̀ sórí ilẹ̀.

Bàbà yẹn náà ni baba oníṣẹ́ ẹ̀rọ kan kọ́kọ́ rò nígbà tí ọmọkùnrin kan yà sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Ìbàdàn, níbi tí mo jókòó sí lọ́sẹ̀ díẹ̀ sẹ́yìn.

"Ẹ káàsán, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ní tẹlifíṣàn onídìí?"

"Ṣé bàbà inú ẹ̀ lo fẹ́ tú?"

"Rárá, sà. Mo fẹ́ máa fi gbá géèmù ni."

Baba wò mí, mo wo baba. Ó wọ ẹ̀yìn lọ, ó fa onínṣì 29 kan jáde lábẹ́ tapólì. Ó kọ́kọ́ tàn án wò, ó pa á, ó yọ ọ́ nínú iná, ó tú ẹ̀yìn rẹ̀ láti gbọn eruku. Kí ó tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ó mú sukurudíráfà tó so wáyà mọ́, ó fi ìdí wáyà kọ́ ara irin, ó rọra ti ẹnu rẹ̀ bọ abẹ́ fìlà rọ́bà tó wà lẹ́yìn ìgò. Tá! Iná búlúù kan fò. "Ó lè pa èèyàn bí wọ́n tiẹ̀ ti yọ ọ́ nínú iná," ló sọ, bí ẹni ń sọ pé òjò ń bọ̀.

Ó dì í padà, ó tàn án. Gbùn-ún, ohùn ẹ̀rọ tó ń lé òòfà kúrò lójú rẹ̀. Ọmọkùnrin náà gbé apá sún mọ́ gíláàsì, irun apá rẹ̀ dìde, ó bú sẹ́rìn-ín. Iyanrìn ń hó lójú tẹlifíṣàn. Wọ́n dúnàá dúrà, owó bọ́ sọ́wọ́ baba. Ọmọ náà wá yọ fóònù jáde, ó fẹ́ pe ọ̀kadà.

"Ọ̀kadà kẹ̀?" Baba ti padà sórí àga rẹ̀. "Èyí lé ní kílò 40. Ta ni yóò bá ọ gbé e?"